Ọmọ Gbogbo Wa Dé Ilé Àlàájà

Ẹ lọ sí etí omi Ìgbókòdá lónìí, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò, kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí pé ta ni Múfú Ọlọ́kọ̀. Bí ẹni náà bá ní òun ò mọ̀ mí, àlejò ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni mo ní, mo ní ọmọ mẹ́fà, mo ní ìyàwó kan tó ń dẹ́rù bà mí, mo sì kọ́ ilé tó ní ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án. Pámárì mẹ́rin ni mo kà. Ìkarùn-ún rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó sá. Síbẹ̀ èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi kọ èyí, ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì kàn bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo ni mo ti rí ọgbọ́n tó pọ̀ tó báyìí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọdún kan péré ni mo fi kọ́ gbogbo rẹ̀, nílé Àlàájà Múnírátù, ilé pákó tó dúró lórí òpó láàárín odò. Kí n tó débẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin tó ti tó ọdún mẹ́tàlá, tí kò tíì rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì rí, kí ni ẹ fẹ́ máa pè é?

Ìtẹ́-Ìsinmi ni wọ́n bí mi sí. Ẹ má wulẹ̀ wá a, òkun ti gbé e lọ, kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ẹ ti gbọ́ orúkọ wọn rí. Tiwa kò ju ogójì ilé lọ, lọ́nà Àwóyè, Bàbá Ìsinmi ló sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn tí òun àti ìjọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jà lórí ẹni tí yóò máa jókòó sórí àga. Ó ní ayé tó wà lẹ́yìn odò ti bàjẹ́, pé ẹni tó bá jẹ oúnjẹ wọn, inú ikùn rẹ̀ yóò dúdú. Mo ti ń jẹ oúnjẹ wọn láti ìgbà náà títí di òní. Mi ò rí inú ikùn mi, àmọ́ ìta rẹ̀ ń dán. Agogo ló ń darí wa. Ó lù, a jí; ó lù, a gbàdúrà; ó lù, a jẹun; ó lù, a pa ẹnu dé. Kò sí ilẹ̀kùn kankan ní gbogbo ìlú, nítorí Bàbá Ìsinmi ní ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn ní ohun tó ń fi pamọ́. Aṣọ títa méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe ilẹ̀kùn. Kò sí ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan. Aṣọ wa wà nínú àpótí ńlá kan. O bọ́ èyí tó dọ̀tí, o mú èyí tí ọwọ́ rẹ bá bà. Ọkọ̀ wà létí omi; o wọ èyí tó bá sún mọ́ ọ, ibi tí iṣẹ́ rẹ bá parí sí lo máa fi í sílẹ̀ sí, ẹni tó bá débẹ̀ lẹ́yìn rẹ á tún gbé e. Àwa ọmọdé náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe wà. Bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, Ilé Ọmọdé ló ń lọ, ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pè é ní ọmọ òun mọ́. Bí àlejò bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé ọmọ ta ni, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ wa: “Ọmọ gbogbo wa.” Bàbá Ìsinmi ló ń sọ wá lórúkọ, orúkọ kò sì pọ̀ lórí rẹ̀. Àwa mẹ́ta là ń jẹ́ Ìgbọràn. Èmi ni Ìgbọràn Kẹta. Nígbà tí Ìgbọràn Kìn-ín-ní gba inú ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ etí omi, sá lọ, wọ́n gbé mi ga di Ìgbọràn Kejì. Ìgbéga kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn fún mi láyé nìyẹn. Gbogbo ìyókù, èmi ni mo fún ara mi.

Òkun ti ń jẹ etí ìlú wa díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń jẹ Àràròmí àti gbogbo etí òkun Ìlàjẹ. Bàbá Ìsinmi ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé kò ní kọjá iwájú ilé àdúrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ funfun, ó ní kí wọ́n gbé àga òun sétí omi, ó jókòó, ó sì pàṣẹ fún òkun. Ojú mi ló ṣe. Òkun gbọ́ àṣẹ náà dáadáa, ó wá, ó sì gbé àga. Bàbá Ìsinmi ti fò dìde kó tó gbé òun náà mọ́ ọn, kí á tó ṣẹ́jú ó ti wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tí ìlú ní, ó ń juwọ́ sí wa láti ọ̀nà jíjìn pé kí á ní ìgbàgbọ́. Òpó àwọn ilé wa ti ń wó nígbà yẹn. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mi ò rí rí. Àwọn obìnrin sáré wọ Ilé Ọmọdé, oníkálukú lọ tààrà sọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀, kò sí èyí tó ṣi ọmọ mú. Wọ́n ń pè wọ́n ní orúkọ tí a kò gbọ́ rí. Àṣé gbogbo wọn ló ti fi orúkọ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n láti ọdún yìí wá. Ẹni tó wá di Ìgbọràn Kìn-ín-ní lẹ́yìn èyí tó sá lọ di Ayọ̀délé lójú mi, ó ń sunkún, ìyá rẹ̀ ń fà á lọ. Èmi dúró. Mo na ọrùn, mo fi omi nu ojú mi kó lè hàn. Kò sí ẹni tó wá bá mi. Ọdún púpọ̀ kọjá kí obìnrin kan tó sọ fún mi lọ́jà Ìgbókòdá pé ẹni tó bí mi ti kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì. Lọ́jọ́ tí òkun dé yẹn, ohun tí mo rò ni pé bóyá ìyá mi kò dá mi mọ̀ ni, nítorí pé mo ti lẹ́wà ju bó ṣe fi mí sílẹ̀ lọ.

Àlàájà Múnírátù wà níbẹ̀. Òun ló máa ń wá ra edé àti ẹja yíyan ní ìlú wa. Obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ dúró lójú omi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ìwọ, ìyá tìẹ dà?”

Mo ní, “Ọmọ gbogbo wa ni mí.”

Ó ní, “Gbogbo yín dà báyìí? Gbé ẹsẹ̀ ẹ wọnú ọkọ̀, má tẹ edé mi mọ́lẹ̀.”

Bí mo ṣe dé ilé kan tó ní ohùn tirẹ̀ nìyẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ di òní. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pákó á dún bí ẹni ń jẹ egungun, Bàbá Súlè, ọkọ Àlàájà, ló ń lọ ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ á jáde, ó ń pe ìrun. Ohùn ọ̀hún ti sán bí ìkòkò, àmọ́ kì í pẹ́ dé. Pẹ́pẹ́yẹ á dáhùn lábẹ́ ilé. Àlàájà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ họ ẹ̀yìn pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín gbẹ, kìrì, kìrì, èéfín ẹja á ti gba gbogbo ilé, títí kan inú etí wa. Àkọ́bí wọn, Súlè, wà ní Wàrì. Ẹni tó kù nílé ni Ráfátù, ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ìyá rẹ̀ lọ. Bàbá Súlè ní tirẹ̀, àwọ̀n ló ń tún ṣe látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ lóòjọ́ kò kún ẹnu kan. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìyẹn. Bí àwọn méjì bá ń jà, òun ni wọ́n ń lọ bi pé kí ló rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja ọ̀bọ̀kún síwájú mi. Mo jókòó tì í. Òórùn ọbẹ̀ náà ń bú mi, mi ò dá a lóhùn. Àlàájà kọjá, ó padà, ó tún kọjá. Oòrùn ti gòkè.

Ó ní, “Ọmọ yìí, ṣé májèlé lo rí níbẹ̀ ni?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, agogo ni mò ń dúró dè.”

Ráfátù wo ìyá rẹ̀. Ó dìde, ó mú ṣíbí, ó fi gbá ìdí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ṣe mí bẹ́ẹ̀. Nígbà míì á gbá ìkòkò láìsí oúnjẹ, kó kàn lè rí mi kí n sáré dé. “Ọmọ Ìjọ,” ló ń pè mí. Mo ti sọ fún un láìpẹ́ yìí, nígbà tó wá kí mi pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, pé mi ò tíì dárí ìyẹn jì í.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo jí, ṣòkòtò mi ti dọ̀tí, mo rí ṣòkòtò funfun kan tó mọ́ tó wà lórí okùn, mo bọ́ tèmi, mo wọ̀ ọ́, mo fi okùn àwọ̀n dì í ní ìbàdí, mo lọ fi í wọ́ ẹrẹ̀ wá akàn. Bàbá Súlè wá ṣòkòtò ìrun rẹ̀ títí. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo inú ìkòkò omi. Ìgbà tí mo dé, òun àti ìró Àlàájà tó ró mọ́ ìdí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ráfátù rí mi, ó jókòó sórí pákó kó má bàa ṣubú. “Bàbá, ẹ wá wo ṣòkòtò yín, ó ń rìn bọ̀.”

Bàbá Súlè wo ẹrẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, “Ta ló ni ín?”

Mo rò ó, mo ní, “Èmi ni mo kọ́kọ́ jí.”

Kò bínú. Ó kàn mi orí, ó wọlé, ó sì kírun sílé lọ́jọ́ náà. Àlàájà ló gbà mí létí mú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún mi ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ ní gbogbo ọdún náà: “Bèèrè kó o tó fọwọ́ kàn án.” Mo ti fọwọ́ kan ìkòkò aládùúgbò nígbà yẹn, mo ti jókòó sínú ilé onílé mo jẹun yó, mo dúpẹ́, mo jáde, onílé kò tíì lè pa ẹnu dé. Kì í ṣe ìwọra. Bí ìwọra bá ni, mo mọ̀ ọ́n, mo ti ṣe ìyẹn náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Lójú mi nígbà náà, ayé kún fún nǹkan tó wà nílẹ̀, èèyàn kò sì ju ẹni tó ń mú èyí tó bá sún mọ́ ọn.

Èyí tó fẹ́ bà mí láyé jẹ́ ni ti ọkọ̀. Mo fẹ́ ṣe Àlàájà lóore, mo ní kí n lọ dẹ ìgèrè fún un, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tí ẹja ń sá sí bíi tèmi, kò sì tíì sí di òní. Mo rí ọkọ̀ kan létí omi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ ni, wọ́n kun imú rẹ̀ ní búlúù. Ti Bàbá Dáre ni, ọkùnrin líle kan tó fi ọdún méjì sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kó tó dé. Mo wọ̀ ọ́. Mo dẹ ìgèrè, mo pa ẹja, iṣẹ́ mi parí sí ẹ̀yìn abúlé, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó bá kàn, mi ò so ó, mo gba orí afárá pákó lọ sílé, mò ń kọrin. Omi ń fà sọ́nà òkun nígbà yẹn. Ní ọ̀sán, Bàbá Dáre ti ń ké, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti bá omi lọ.

Wọ́n mú wa lọ síwájú Olójà, bàbá arúgbó tó ń ṣe olórí abúlé. Mi ò sẹ́, kí ni mo fẹ́ sẹ́? Mo ní èmi ni mo gbé e, mo sì ṣàlàyé ibi tí mo fi í sílẹ̀ sí, bí ẹni tó ṣe dáadáa. Bàbá Dáre ní, “Ẹ gbọ́ bí olè ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó, mo ti gbọ́ pé Bàbá wọn ọ̀hún ti rí ibòmíràn tẹ̀dó sí, ó sì ti rán àwọn èèyàn ẹ̀ kiri abúlé láti kó àwọn ọmọ wọn padà. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń bọ̀ níbí. Kí wọ́n kó ẹrù wọn.” Àlàájà sọ̀rọ̀ títí, Olójà ní ohùn rẹ̀ ń ro òun létí. Ó ní bí mo bá rí ọkọ̀ náà kí wọ́n tó dé, kí n dúró. Bí mi ò bá rí i, kí n bá wọn lọ. Mo wo Bàbá Súlè. Mo rò pé á sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ti gbọ́ igbe òkun, mo ti gbọ́ igbe Bàbá Dáre, kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mi ò fẹ́ padà sábẹ́ agogo. Ọbẹ̀ Àlàájà ti bà mí jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Mo bèèrè ọkọ̀ ilé lọ́wọ́ Àlàájà, bẹ́ẹ̀ ni, mo bèèrè, Ráfátù sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ kejì, ó ní òun kò ní jẹ́ kí n gbé ìyẹn náà sọnù. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a, a ò rí i. Lọ́jọ́ kẹrin, tó jẹ́ ọjọ́ ọjà, mo ní kí á dúró kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, mo ju èèpo àgbọn kan sínú omi níbi tí mo ti fi ọkọ̀ sílẹ̀, mo ní kí á máa tẹ̀ lé e. Ráfátù ní orí mi ti dàrú. A tẹ̀ lé èèpo yẹn títí ó fi yà sínú odò tóóró kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbà. Ọkọ̀ Bàbá Dáre wà níbẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀gbà gbá a mú, akàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, onímọ̀ wo ló máa ronú èyí? Èmi nìyẹn, láìní ìwé kankan.

Mo wọnú rẹ̀, mò ń wà á bọ̀, Ráfátù wà lẹ́yìn nínú ọkọ̀ tiwa. A ti ń rí abúlé nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan yọ, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó súnmọ́ wa. Alàgbà Ìfaradà ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń ṣe olórí Ilé Ọmọdé wa, nínú aṣọ funfun. Àwọn ọmọ méjì jókòó síwájú rẹ̀, orí wọn wà nílẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe Ìgbọràn nìyí?”

Gbogbo ẹnu tí mò ń fọ́n lónìí yìí, kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ní, “Bó o bá jẹ́ Ìgbọràn, fa ọkọ̀ yẹn mọ́ tiwa, kí á máa fà á lọ. Tiwa náà ni.”

Mo gbọ́ ẹnu ara mi tó ní, “Rárá, sà. Ti Bàbá Dáre ni.”

Ráfátù bá pariwo lẹ́yìn mi: “Múfú, kí lo dúró ṣe níbẹ̀? Bàbá ní kó o má pẹ́.” Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó ń jẹ́ Múfú. Ó fẹ́ fi ojú jẹ mí. Ó yé mi.

Mo ní, “Múfú ni mí, sà. Ọmọ Bàbá Súlè.”

Alàgbà Ìfaradà wo ojú mi títí. Mo rí i pé kò dá a lójú. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà lórí wa, àmọ́ orí ló máa ń kà láràárọ̀. Bí orí bá ti pé, ó ti tán, kò wo ojú ẹnì kankan rí. Ó ní, “Ó dáa. Mú wa lọ sọ́dọ̀ bàbá tó o wí yẹn.”

Bàbá Súlè wà lórí pákó, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo so ọkọ̀ Bàbá Dáre mọ́ òpó, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo so ó. Ọkùnrin tí kì í purọ́ ni Bàbá Súlè, kò sì sọ̀rọ̀ fún mi níwájú Olójà. Alàgbà Ìfaradà kí i láti inú ọkọ̀, ó ní, “Bàbá, ọmọ yìí ní ọmọ yín lòun. Ṣé ọmọ yín ni?”

Bàbá Súlè gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Níbo lo wà láti àárọ̀? Ìyá ẹ ti pariwo títí ọrùn ẹ̀ fi wú. Lọ fọwọ́, kó o wọlé lọ jẹun.”

Alàgbà ní, “Bàbá, ìbéèrè ni mo bi yín.”

“Mo gbọ́. O bi mí, mo sì ní kó wọlé lọ jẹun. Ọmọ ta ni ìwọ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún?”

Alàgbà Ìfaradà wo àwọn ọmọ méjì tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn, ó wá ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Mi ò mọ ibi tí àwọn ọmọ yẹn wà lónìí. Mo máa ń wo ojú àwọn àgbàlagbà nínú ọkọ̀ mi nígbà míì, mo ń wò ó bóyá wọ́n jọ wọ́n.

Mi ò tíì lè jẹun. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò sọ̀rọ̀ níwájú Olójà.”

Ó ti mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní, “O gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sọnù. Kí ni kí n sọ? O ti rí i báyìí. Lọ dá a padà, ìwọ nìkan.”

Mo wà á lọ sílé Bàbá Dáre. Ó ti jáde, ó ti mú pàṣán lọ́wọ́. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó fọwọ́ pa imú rẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

“Ta ló gbé ọkọ̀ mi?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ ta?”

“Múfú, ọmọ Bàbá Súlè.”

Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀. Kí n sọ fún yín nípa ẹgba ní Ìtẹ́-Ìsinmi: bí ọmọ kan bá ṣẹ̀ níbẹ̀, gbogbo Ilé Ọmọdé ni wọ́n ń nà, ẹgba kọ̀ọ̀kan, ọmọ tó ṣẹ̀ á sì fara pamọ́ sáàárín wa, ẹnikẹ́ni kì í bi í ní nǹkan. Bàbá Dáre nà mí ní mẹ́fà, gbígbóná. Ráfátù ti tẹ̀ lé mi, ó dúró lókè pákó, ó ń bá a kà á sókè kó má bàa ṣì í. Nígbà tó pé, mo dìde, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a ti ń ṣe, kí ẹni tó kàn lè dọ̀bálẹ̀.

Bàbá Dáre ní, “Kí lo tún ń dúró dè?”

Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnì kankan. Ó ti ká pàṣán rẹ̀, ó ti ń wọlé lọ.